Àkọ́díọ̀nù tí apá ń ká: ẹ ra afẹ́fẹ́ àti ìda, ẹ má ra dídán

Nínú àwọn àkọ́díọ̀nù tí apá ń ká ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tòkúnbọ̀ Jámánì oníbéèsì 48 tàbí 72 (béèsì ni bọ́tìnnì tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀) ló ṣe iwájú lójú wa, bí ẹwìrì rẹ̀ kò bá jò, bí ìda inú rẹ̀ kò bá sì tíì gbẹ. Tuntun kékeré ará Ṣáínà oníbéèsì 8 ló gbẹ̀yìn, òun náà ló sì ń dán jù nínú àwòrán. Ẹni tó bá ń kánjú lè mú ìyẹn lọ sọ́jà. Ẹni tí kò bá kánjú, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀, nítorí orí "bí" méjèèjì yẹn ni gbogbo owó yín dúró lé.

Irú ẹni mẹ́ta ló sábà máa ń wá ẹ̀rọ yìí ládùúgbò wa. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tí kò fẹ́ kí iná mànàmáná máa pinnu ìgbà tí orin yóò dún. Dùùrù tí kò béèrè jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Èkejì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jùjú tó ń wá ohùn àtijọ́. I.K. Dairo ló sọ ohùn náà di mímọ̀ nínú jùjú (ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, kì í ṣe Ìjẹ̀bú tiwa, bó tilẹ̀ wù wá ká gbà á, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963). Ẹ̀kẹta ni òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ orin. Ẹ̀rọ tó yẹ ẹnìkan nínú wọn kì í sábà yẹ èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Ẹni tó bá mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti mọ ìdajì àkọ́díọ̀nù. A fa ẹwìrì, afẹ́fẹ́ wọlé. A tì í, afẹ́fẹ́ jáde. Alágbẹ̀dẹ ń darí afẹ́fẹ́ tirẹ̀ sínú iná. Àkọ́díọ̀nù ń darí tirẹ̀ gba ara ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, ahọ́n á gbọ̀n, ohùn á jáde. Láti ìgbà tí Cyril Demian ti gba ìwé àṣẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Vienna ní 1829, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Wọ́n kan ahọ́n méjì mọ́ àwo irin kékeré kan: ọ̀kan ń dún nígbà tí a bá ń fa ẹwìrì, èkejì nígbà tí a bá ń tì í. Ahọ́n tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń bo ihò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣòfò. Ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ oje igi ni wọ́n sì fi lẹ gbogbo àwo yẹn mọ́ pákó. Ẹ wá ṣírò: ẹ̀rọ tó ní eyín funfun àti dúdú 34, tí eyín kọ̀ọ̀kan ní ìpele ohùn 3 (ìyẹn àwo mẹ́ta tó lè dún fún un), ní ahọ́n 204 lápá ọ̀tún nìkan. Èyí tó ní eyín 41 àti ìpele ohùn 4 ní 328. Nǹkan 328 tó lè dípatà, tó lè yẹ̀, tí eruku lè dì mú. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé "ńlá ni, béèsì 120 ni," ẹ rántí pé ìṣòro rẹ̀ náà ńlá ni.

Tuntun kékeré láti Ṣáínà

Eyín 22, béèsì 8, àwọ̀ pupa tàbí búlúù tó ń tàn yanran, àpò dúdú àti okùn èjìká. Èyí ló máa ń kọ́kọ́ yọjú nígbà tí ẹ bá wá àkọ́díọ̀nù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ro béèsì 8 yẹn wò. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ohùn ìpìlẹ̀, mẹ́rin tó kù jẹ́ kọ́ọ̀dù méjọ̀ wọn (kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta tó ń dún pọ̀). Kọ́ọ̀dù máínọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí olórin bá gbé orin ní kíì E♭ tàbí A♭ (kíì ni ohùn tí orin dúró lé), tí àwọn ìyá ìjọ sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ òsì yín á kàn gbé ẹwìrì lásán ni.

Àléébù rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Eyín rẹ̀ kì í sábà dọ́gba, òmíràn á le, òmíràn á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Páálí ẹwìrì rẹ̀ fúyẹ́, igun rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ là. Ohùn ti lè yẹ̀ láti inú páálí tó bá dé, owó tí ẹnikẹ́ni yóò sì gbà láti tún un ṣe lè sún mọ́ iye tí ẹ fi rà á. Ọmọ ọdún 7 tàbí 8 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ bí a ti ń fa ẹwìrì, ó tó o. Fún iṣẹ́ ìjọ, 3 nínú 10 la fún un, ojú àánú la sì fi wò ó. Ní ti èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, eléyín 7, ohun ìṣeré ọmọdé ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àkọ́díọ̀nù fún yín.

Bọ́tìnnì 10

Èyí kò ní eyín bíi ti piano. Bọ́tìnnì 10 ló tò sí ìlà kan, béèsì 2 tàbí 4 ló sì wà lápá òsì. Bíi fèrè ẹnu tí àwọn ọmọdé ń fọn ló ṣe ń ṣiṣẹ́: bọ́tìnnì kan náà ń sọ ohùn kan nígbà tí a bá tì í, ó ń sọ òmíràn nígbà tí a bá fà á. Àwọn tó ń ka sólífà á tètè gbọ́: d, m, s ni títì; r, f, l, t ni fífà. Ohùn ààrin wọn kò sí, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí kíì padà. Tí a bá ṣe é ní C, C ni títí ọjọ́ alẹ́.

Fún jùjú àtijọ́, àléébù yìí gan-an ni adùn rẹ̀. Yíyí tí ọwọ́ ń yí ẹwìrì padà ní gbogbo ìgbà ló ń fún orin ní ìmí kúkúrú kúkúrú tó ń bá ìlù lọ. Oníèyín piano kì í rí i ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fúyẹ́, eléré lè gbé e kọ́rùn láti àṣálẹ́ dòwúrọ̀. Tó bá ní ìpele ohùn 2, ahọ́n 40 péré ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní wákàtí kan. Ẹ bi onígìtá yín léèrè kíì tó ń lò jù kí ẹ tó rà á, nítorí ẹni tó bá ra C fún ẹgbẹ́ tó ń ṣeré ní G ti ra wàhálà. Lẹ́tà kíì náà sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ti ẹwìrì, ẹ tẹ bọ́tìnnì kẹta nìkan, ohùn "d" nìyẹn, ohun tí áàpù ìtúnhùn inú fóònù bá kọ fún un ni kíì rẹ̀. 7 nínú 10 fún jùjú. Fún ìjọ, 2.

Tuntun oníbéèsì 48 àti 72

Ibi yìí ni àkọ́díọ̀nù gidi ti bẹ̀rẹ̀. Béèsì 48 jẹ́ ìlà 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì 12, ìyẹn ni pé gbogbo kíì 12 ló wà níbẹ̀. 72 jẹ́ ìlà 6 lọ́nà 12, ó sì sábà máa ń ní eyín 34. Bọ́tìnnì C lápá béèsì máa ń ní kòtò kékeré tàbí òkúta dídán kan kí ìka lè mọ ibi tó wà láìwò ó. G wà lókè rẹ̀, F wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ ní ìtẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ẹni tó bá mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí orin ìjọ ń lò jù á rí i pé wọ́n wà pọ̀ sójú kan.

Hohner Bravo wà nínú ìsọ̀rí yìí. Orúkọ Jámánì ló jẹ́, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìyẹn kì í sì ṣe ẹ̀sùn. Ẹwìrì rẹ̀ máa ń mú afẹ́fẹ́ dáadáa, ìda rẹ̀ tutù, eyín rẹ̀ dọ́gba. Ohun tó bà á jẹ́ ni owó rẹ̀, tó ń bá dọ́là gòkè. Iye tí wọ́n ń pe tuntun kan lè ra tòkúnbọ̀ tó jù ú lóhùn, kí owó àtúnṣe sì tún ṣẹ́kù. Ìjọ tó bá ní owó tí kò sì ní ẹni tó mọ àlòkù yẹ̀ wò, kí wọ́n ra èyí. 8 nínú 10, ká yọ 1 nítorí owó.

Tòkúnbọ̀

Àwọn orúkọ tí ẹ máa bá pàdé ni Hohner láti Trossingen (ilé-iṣẹ́ náà ti wà láti 1857, fèrè ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀), Weltmeister láti Klingenthal, àti oríṣiríṣi ará Ítálì láti ìlú Castelfidardo. Ẹ má torí orúkọ sanwó. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe èyí tó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ àti èyí tó wà fún ọ̀gá, gbogbo wọn ló sì ń gbé orúkọ kan náà sí iwájú.

A fẹ́ràn àwọn ará Jámánì ti akẹ́kọ̀ọ́ torí pé wọn kì í díjú nínú: ìpele ohùn 2 tàbí 3, súìṣì díẹ̀ (òun ló ń yan ìpele ohùn tó máa dún), pákó tó lágbára. Àwọn ará Ítálì oníbéèsì 120 dùn létí jù wọ́n lọ, kò sí àní-àní. Àmọ́ kílò 10 sí 12 ni wọ́n. Ìdá kan nínú márùn-ún àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn, tí ẹ máa so mọ́ èjìká títí ìsìn á fi parí. Ohun dídán bí ìkarahun tó bo ọ̀pọ̀ àtijọ́ nínú wọn sì jẹ́ sẹ́lúlọ́ọ̀dì, iná máa ń ràn án kíákíá. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àbẹ́là pẹpẹ.

Èyí tó bá dé Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù kì í dé gẹ́gẹ́ bí ọjà àkọ́díọ̀nù. Àárín àwọn ẹrù tòkúnbọ̀ mìíràn lẹ máa ń rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, olùtajà fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ bóyá ó yè tàbí ó kú. Àǹfààní ni, ewu ni. Inú kọ̀ǹténà tó gbóná janjan ló ti gba orí òkun wá, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ bí wọ́n ṣe dà á dé inú rẹ̀. Ẹni tó bá dé Aláàbà nílùú Èkó á rí púpọ̀ sí i láti fi wéra, àmọ́ olùtajà ibẹ̀ mọ iye rẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ìsọ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Imú àti etí ni ẹni tó ń ra àkọ́díọ̀nù fi ń ṣọ́ àpò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, fóònù tó ní áàpù ìtúnhùn, pìláyà kékeré àti aṣọ rírọ̀ dání.

Imú ló kọ́kọ́. Ẹ la ẹwìrì díẹ̀, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ìyẹ̀wù tí òjò ń jò sí, awọ àti páálí ti bu, ahọ́n náà á sì ti máa dípatà. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ aáyán tàbí ti èkúté, ẹ má tíì sá, àmọ́ ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa wò dáadáa nínú.

Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́. Ẹ tú okùn tó de ẹwìrì lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ di apá eyín mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí apá béèsì wà nísàlẹ̀, kí orúnkún yín wà nítòsí láti gbà á. Ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹwìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í là fúnra rẹ̀; ẹ máa kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá gbà ju 10 lọ kó tó là tán, ó dára gan-an fún àlòkù. 5 sí 10, ó ń jò níbì kan, ó sì lè jẹ́ ohun tí kò tó nǹkan. Bó bá já wálẹ̀ gbì kí ẹ tó ka 3, ẹ̀rọ náà á máa mu agbára apá yín, ẹsẹ orin kejì lẹ máa dé tí á ti rẹ̀ yín. Láti mọ ibi tó ti ń jò, kí ẹlòmíràn máa ti ẹwìrì náà díẹ̀díẹ̀ láìtẹ nǹkan, kí ẹ̀yin fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ọn yíká. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbọ́ afẹ́fẹ́ ju ọwọ́ lọ. Tó bá jẹ́ ojú ibi tí ẹwìrì ti pàdé pákó, rọ́bà tàbí awọ ìdíhò ló ti gbẹ, ẹni tó ń ṣe bàtà lè gé òmíràn. Tó bá jẹ́ igun ẹwìrì, iṣẹ́ ńlá ni. Tó bá jẹ́ ihò bí orí abẹ́rẹ́ lára páálí, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù ti parí rẹ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ máa tó jẹ́ kó dún. Kì í ṣe orin o. Àwọn olùtajà fẹ́ràn kí ẹnìkan ta orin kan tó dùn, kí orí ẹni tó ń rà á wú. Eyín kan lẹ́yìn èkejì ni, láti òkè dé ilẹ̀, funfun àti dúdú, ní fífà, lẹ́yìn náà ní títì, kí súìṣì kan ṣoṣo wà ní títẹ̀. Ẹ tún yí súìṣì, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ rọra fà á nígbà àkọ́kọ́, nítorí ahọ́n tó ń ṣàìsàn máa ń dún nígbà tí a bá fi agbára fà á, á sì dákẹ́ nígbà tí a bá rọra. Ẹ kọ àwọn tó ní àléébù sílẹ̀. Ìwé yẹn lẹ máa fi ná ọjà.

Bí ẹ ṣe máa túmọ̀ ohun tí ẹ gbọ́ rèé. Tí eyín kan bá dákẹ́ ní fífà, tó dún ní títì, ahọ́n kan tàbí awọ kan péré ló ní àléébù, kò le. Tó bá dákẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹ wo ìdí eyín náà, bóyá ìdérí rẹ̀ ni kò ṣí. Tó bá ń dún láìtẹ̀ ẹ́, ìdérí kò pa ihò rẹ̀ dé, eruku tàbí fẹ́lìtì tí kòkòrò ti jẹ ló fà á. Tó bá ń gbọ̀n rìrì bí ẹni fi bébà bo àgbá, awọ rẹ̀ ti ká kúrò tàbí ìṣó ahọ́n ti tú. Bí eyín mẹ́rin tàbí márùn-ún tó tẹ̀ lé ara wọn bá ń ṣe gẹ́gẹ́ kan náà, ẹ fura sí ìda: ó ṣeé ṣe kí àwo wọn ti yọ̀ kúrò ní àyè wọn. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù jù.

Apá béèsì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bọ́tìnnì lè jẹ́ 120, ohùn inú rẹ̀ 12 péré ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so pọ̀ lábẹ́ ló ń pàṣẹ pé kí mẹ́ta dún pọ̀ di kọ́ọ̀dù. Nítorí náà bí kọ́ọ̀dù C bá burú tí G, F àti E sì dára, irin ló ti tẹ̀, kì í ṣe ahọ́n. Bí ohùn kan náà bá ń bàjẹ́ nínú gbogbo kọ́ọ̀dù tó wà, ahọ́n ni. Bọ́tìnnì tó rì tí kò padà wá sókè, ẹ má fi ipá fà á. Bí irin kan bá já, ẹni tó máa tú apá béèsì palẹ̀ tó sì máa tò ó padà ṣọ̀wọ́n.

Kí ẹ fi áàpù wo ohùn A tó wà láàárín. Kíbọ́ọ̀dù ìjọ wà ní 440 (iye ìgbà tí ohùn náà ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Ọ̀pọ̀ àkọ́díọ̀nù wà ní 442. Ìyàtọ̀ yẹn kéré, àmọ́ tí méjèèjì bá ń dún pọ̀, etí á máa gbọ́ ìgbì kan tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ má torí rẹ̀ kọ ẹ̀rọ tó dára: kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ gbé lọ sí 442, ìṣẹ́jú kan ni, nígbà tí gbígbé ahọ́n 200 wálẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìgbì inú àkọ́díọ̀nù fúnra rẹ̀ yàtọ̀ o. Tí súìṣì kan bá so ahọ́n méjì pọ̀, tí wọ́n sì ń gbọ̀n dọ́gbadọ́gba láti eyín kan dé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Tó bá ń sáré lórí eyín kan tó ń wọ́ lórí èkejì, ohùn ti yẹ̀.

Ẹ ṣí i

Olùtajà tó bá kọ̀ kí a ṣí i, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ìṣó kéékèèké ló yí ẹwìrì ká níbi tó ti pàdé pákó. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu pìláyà, ẹ fà wọ́n jáde tààrà, kí ẹ sì tò wọ́n sórí páálí bí wọ́n ṣe wà, nítorí wọn kì í gùn dọ́gba nígbà míì. Ẹ gbé apá eyín kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìda ni kí ojú yín kọ́kọ́ wá. Ìda tó dára ní àwọ̀ bí ti oyin tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ó ń dán díẹ̀, èékánná lè tẹ̀ ẹ́ wọlé láìfọ́. Èyí tó ti gbó máa ń funfun, ó máa ń là, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án á fọ́ wúruwùru bíi gaàrí Ìjẹ̀bú. Bí ẹ bá ta pákó náà lẹ́kàn tó sì dún wọnjọwọnjọ, àwọn àwo ti tú. Oríṣi kẹta ni ìda tó ti yọ́ rí: ó ṣàn, ó dì padà, àwo sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ti sùn nínú ọkọ̀ tàbí kọ̀ǹténà tó gbóná. Ìda oyin ń yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 64 °C, ó sì ti ń rọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ahọ́n ló kàn. Ìpatà fẹ́ẹ́rẹ́ bí eruku pupa, ó ṣeé nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn á yí díẹ̀. Ìpatà tó ti jẹ irin wọlé kò láàánú. Ẹ wo orí àwọn ahọ́n náà bóyá ẹnìkan ti ha wọ́n yánnayànna: bí a bá ha orí ahọ́n, ohùn á gòkè, bí a bá ha ìdí rẹ̀ nítòsí ìṣó, á lọ sílẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á ha á fínnífínní ní ìlà tó mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi àpá sílẹ̀ bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀, ẹ̀rọ tó bá rí bẹ́ẹ̀ kì í tún padà bọ̀ sípò pátápátá. Ẹ má rà á.

Ahọ́n kan tó dákẹ́ lásán lè jẹ́ èérún kékeré ló há sí abẹ́ rẹ̀. Bébà pẹlẹbẹ bí èyí tó wà nínú páálí sìgá ni kí ẹ rọra tì sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fà á jáde. A ti rí olùtajà tó dín owó kù gidigidi nítorí "ohùn mẹ́rin tó kú" tí bébà jí dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ ná ọjà tán ná, kí ẹ tó jí òkú.

Iye tí ẹ máa san

Náírà ń yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí iye tí a bá kọ lónìí á di irọ́ kí oṣù tó parí, nítorí náà ìwọ̀n la máa fún yín. Ẹwìrì tó jò àti ìda tó gbẹ nínú ẹ̀rọ kan náà: ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ tó yè ni kí ẹ fi lé e lórí, tàbí kí ẹ máa lọ. Ìda tó gbẹ nìkan: ìdajì. Ohùn tó yẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú awọ bíi mẹ́wàá tó ti ká: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Eyín tó ti pọ́n, okùn tó ti já, àwọ̀ tó ti ṣá, ìyẹn kì í ṣe àléébù, ẹ kàn fi wọ́n ná ọjà. Bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye tí ẹ rà á lọ, tuntun oníbéèsì 48 ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára jù.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún olùtajà pé kó fi fídíò kan ránṣẹ́ láìgé e: kí ẹwìrì máa là fúnra rẹ̀ láti òkè, kí gbogbo eyín dún lọ́kọ̀ọ̀kan ní fífà àti ní títì, kí béèsì náà tẹ̀ lé e, kí àwòrán inú rẹ̀ sì bá a wá. Ẹni tó bá fi orin dídùn ìṣẹ́jú àáyá 20 ránṣẹ́ dípò rẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Àtúnṣe àti ooru ilẹ̀ wa

Ìda tí a fi ń lẹ àwo ṣeé ṣe nílé: ìda oyin mímọ́ ìdá 4, rọ́sìn líle ìdá 1, ká yọ́ wọn pọ̀ lórí omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná tààrà. Ìda oyin wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ojúlówó oyin. Rọ́sìn líle ni òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jo òjé; ẹ má gba èyí tó rí bí ìpara nínú agolo, á jẹ irin. Àbẹ́là kì í ṣe ìda oyin. Ẹni tó bá fi àbẹ́là lẹ ahọ́n, ọyẹ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo tàbí fín-ín-fín-ín kankan sínú ẹ̀rọ yìí, ìbáà jẹ́ ti ìpatà tàbí ti aáyán. Epo ń tú ìda, ó sì ń lẹ awọ mọ́ irin.

Iṣẹ́ pákó, awọ àti rọ́bà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní Òkè-Ajé tàbí Sábó lè ṣe é, bí ẹ bá dúró tì wọ́n. Ohùn títún ṣe yàtọ̀ pátápátá. Ẹ má gbé e fún ẹni tí kò bá fi iṣẹ́ tó ti ṣe rí hàn yín.

Ní ti ooru: ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, kódà bó ṣe ìṣẹ́jú 30, pàápàá bí ẹ bá lọ ṣeré níbi ìnáwó tí gbogbo ọkọ̀ ti há mọ́ ara wọn bí ọjọ́ Ojúde Ọba. Abẹ́ ìbòòji ni kí eléré ti ṣe é. Tí ẹ bá gbé e sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó dúró lé, bí ó ṣe máa ń dúró nígbà tí a bá gbé e kọ́rùn; bó bá dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, awọ inú rẹ̀ á ṣubú kúrò lójú ihò, á sì ká. Ní àkókò òjò, ẹ fi èédú gbígbẹ sínú aṣọ kékeré kan nínú àpótí rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì máa ta á fún ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀, torí ẹ̀rọ tí kò bá mí sí i ni ìpatà ń wá bá. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e láti Èkó bọ̀, ẹsẹ̀ yín ni kó wà, kì í ṣe inú búùtù, kí ẹ sì ti de okùn ẹwìrì méjèèjì kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ má tẹ eyín láti pa á dé, bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́bàá ọwọ́ òsì ni kí ẹ tẹ̀.